Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ lífà bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì lórí alùpùpù asáré

Nínú àwọn alùpùpù asáré tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, ìbáà jẹ́ láti Ìlárá létí ẹnubodè tàbí láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́hùn-ún, lífà ni ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ máa ń fẹ́ pààrọ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Lífà tó bá máṣíìnì wá sábà máa ń gùn, kì í sì í rọrùn fún ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú. Tuntun tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ní ibi tí a ti ń sún un mọ́ ọwọ́ tàbí jìnnà sí i, ó fúyẹ́, ó sì wu ojú. Ẹnikẹ́ni tó bá lè fi wákàtí méjì jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí: lífà bíréèkì gbọ́dọ̀ padà sílé pátápátá nígbà tí ẹ bá jù ú sílẹ̀. Bí ó bá ku mìlímítà kan péré kó délé, bíréèkì iwájú lè há mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi. Ó ra lífà kan lọ́jà, ó dè é fúnra rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó sì gun máṣíìnì náà bọ̀ wá sí Kétu. Kò tíì dé Sakété tí ó ti kíyè sí i pé máṣíìnì náà wúwo, àfi bí ẹni pé wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Ó rò pé ẹ́ńjìnì ló ń ṣe é, ó wá túbọ̀ fún un níná. Nígbà tó dúró, kò lè tì í mọ́. Dísìkì iwájú ti gbóná débi pé omi tó ta sí i hó lójú ẹsẹ̀. Ó pè mí, mo ní kó tú bóòtù tí lífà ń yí lórí rẹ̀ díẹ̀. Bí ó ṣe tú u, táyà yí. Lífà tuntun yẹn ló ń ti písítìn láti àárọ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án. Ká ní orí eré ni táyà ti há pátápátá, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí máṣíìnì yín ń lò. Láti ọdún 1969 tí Honda ti gbé CB750 jáde pẹ̀lú dísìkì iwájú tó ń fi epo bíréèkì ṣiṣẹ́ ni ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà lórí alùpùpù asáré òde òní: ẹ fa lífà, lífà ti písítìn tó wà nínú másítà (ilé písítìn àti agolo epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífà), písítìn ti epo gba inú họ́ọ̀sì lọ sí kálípà (irin tó gbé páàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà), páàdì sì fún dísìkì mú. Ní ti kílọ́ọ̀ṣì, wáyà ló ń fà á lórí ọ̀pọ̀ jù lọ, bíi Yamaha YZF-R15 tàbí Honda CBR600RR. Lórí àwọn mìíràn, bíi Suzuki Hayabusa, epo ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì náà. Bí tiyín bá jẹ́ elépo, ohun tí mo bá sọ nípa másítà bíréèkì kan kílọ́ọ̀ṣì yín pẹ̀lú.

Ní ọjà Àjàṣẹ́ tàbí ti Kùtọnu, Faransé ni wọ́n fi ń pe gbogbo nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lọ. *Levier de frein* ni lífà bíréèkì, *levier d'embrayage* ni ti kílọ́ọ̀ṣì, *durite* ni họ́ọ̀sì, *plaquettes* ni páàdì, *liquide de frein* sì ni epo bíréèkì. Ẹ dárúkọ máṣíìnì yín gan-an àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé gbogbo máṣíìnì ló máa wọ̀, ẹ dá a padà fún un. Ihò bóòtù lè bára mu, gígùn lè bára mu, kí ó jẹ́ pé orí kékeré tó ń ti písítìn ni kò bára mu, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ohun tó dára jù ni kí ẹ tú lífà àtijọ́, kí ẹ mú un dání lọ sí ọjà, kí ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn, kí ihò bóòtù bọ́ sórí ihò bóòtù, kí ẹ wá wo orí tó ń ti písítìn. Bí ti tuntun bá yọ ju ti àtijọ́ lọ, ẹ má rà á.

Ní ti gígùn, ìwà tó wà lára ọ̀pá tí a fi ń yí òkúta náà ló wà lára lífà: bí ọwọ́ bá ṣe jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó ni ó ṣe ń fúyẹ́ tó. Lífà kúkúrú oníka-méjì dára fún ẹni tó ń fi ìka méjì fa bíréèkì, torí pé àwọn ìka tó kù kò ní há sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò béèrè agbára díẹ̀ sí i. Lórí bíréèkì, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lórí kílọ́ọ̀ṣì, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Àjàṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ òsì yín á sọ ọ́ fún yín. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ mú kúkúrú fún bíréèkì bí ó bá wù yín, kí ẹ mú èyí tó gùn díẹ̀ jù ú lọ fún kílọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní kò jọra. Ẹ jẹ́ kó má jọra.

Ẹ mi lífà tuntun náà wò lọ́wọ́. Bí ibi tó ń ṣẹ́ po àti ibi tí a ti ń yí nọ́ńbà bá ń dún ṣákáṣáká nígbà tó ṣì wà nínú páálí, kò ní dákẹ́ lórí ọ̀nà eléruku tó wọ àwọn abúlé tó yí Kétu ká.

Ohun èlò

Sípánà 8, 10 àti 12, áléǹkíì, súkúrúdíráfà alágbèélébùú tó bá orí ìdè agolo másítà mu régí, gírísì lásán, gírísì sílíkónì tí wọ́n ṣe fún rọ́bà bíréèkì, aṣọ mímọ́ tó pọ̀, àti omi nínú ike. Omi yẹn kì í ṣe fún mímu: epo bíréèkì máa ń jẹ ọ̀dà, bí ó bá sì ta sí táńkì, ẹ gbọ́dọ̀ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ epo, ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín tí a lè rí inú rẹ̀ kún un, pẹ̀lú ìgò òfìfo.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kpayo, bẹntiróòlù ẹ̀bá ọ̀nà, wà ní gbogbo ìkóríta nínú ìgò, ó sì máa ń wu èèyàn láti fi fọ nǹkan. Ẹ má fi fọ másítà, kálípà tàbí dísìkì. Bẹntiróòlù máa ń mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú, ó sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lára dísìkì. Ọtí tí wọ́n ń fi nu egbò ní ilé ìwòsàn tàbí omi ìfọbíréèkì tí wọ́n ń fọ́n ni kí ẹ lò. Bákan náà, ẹ má gba epo bíréèkì tí wọ́n rọ sínú ìgò mìíràn fún yín, kódà bó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló ń fún yín.

Ọwọ́ òsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Kílọ́ọ̀ṣì ni mo ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe, torí pé ọwọ́ á ti mọ́ ọn kó tó dé ibi bíréèkì.

Ẹ gbé máṣíìnì sórí ìdúró tí kò mì, kí ẹ pa á, kí ẹ fi aṣọ nípọn bo táńkì. Ẹ fa rọ́bà tó bo orí wáyà kílọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì róbótó méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ń fa wáyà, èkejì ń ti ti àkọ́kọ́ pa kó má baà yí. Ẹ tú èyí tó ń tì í pa, kí ẹ yí èyí tó ń fa wáyà wọlé títí wáyà á fi dẹ̀. Wọ́n la ojú kan sára nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan àti sára irin tó gbé lífà. Ẹ yí wọn títí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi wà lórí ìlà kan. Ẹ wá di rọ́bà wáyà mú, ẹ fà á síta díẹ̀, kí ẹ mú un gba ojú náà jáde. Bí kò bá tíì dẹ̀ tó, ẹ lọ dẹ nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ lífà, lẹ́yìn rẹ̀ bóòtù tó wà lókè. Lífà á bọ́ sí yín lọ́wọ́, orí wáyà tó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ á sì wà nínú ihò rẹ̀. Ẹ yọ ọ́.

Ẹ wá dúró wo wáyà náà. Ibi tó ti sún mọ́ orí rẹ̀ ló sábà máa ń já. Bí ẹ bá rí okùn irin kan ṣoṣo tó ti já tó ń gún yín lọ́wọ́, ẹ ra wáyà tuntun lónìí, torí pé àwọn tó kù ń tẹ̀lé e. Kí ẹ tó fa àtijọ́ jáde, ẹ so òwú tó lágbára mọ́ ìdí rẹ̀. Bí wáyà bá ti jáde lókè, òwú á ti rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀nà tó gbà, ẹ ó sì fi òwú náà fa tuntun padà gba ibi kan náà. Mo ti rí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà tí wáyà gbà, tó wá gbé e gba iwájú ibi tí orí máṣíìnì ti ń yí. Nígbà tó yí ọwọ́ sí ọ̀tún, kílọ́ọ̀ṣì fa ara rẹ̀.

Bí wáyà bá ṣì dára, ẹ fún un lóròóró. Ẹ gé igun ọ̀rá kékeré kan, ẹ fi so mọ́ orí wáyà bí àrọ, ẹ da òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ títí á fi máa kán jáde nísàlẹ̀. Gírísì tó nípọn kò yẹ fún inú wáyà, nítorí pé eruku pupa ilẹ̀ wa lákòókò ọyẹ́ á dà pọ̀ mọ́ ọn, á sì di ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé lífà tuntun wọlé, ẹ wo bóyá búṣì, irin róbótó tí bóòtù ń gba inú rẹ̀ kọjá, wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yọ ti àtijọ́ kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ fi gírísì lásán pa bóòtù àti ihò tí orí wáyà ń jókòó sí. Orí wáyà yẹn gbọ́dọ̀ lè yí fàlàlà nínú ihò rẹ̀. Bí ó bá fún jù, wáyà á máa ṣẹ́ ní ibì kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á, kò sì ní pẹ́ já. Ẹ de bóòtù kó wọlé tán, ẹ fa lífà wò pé kò gan, lẹ́yìn náà ẹ wá de nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Alumíníọ̀mù ni irin tó gbé lífà. Bí ẹ bá fi gbogbo ejìká de bóòtù náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ (ìlà tí bóòtù ń yí wọ̀) á jẹ, àtúnṣe rẹ̀ sì lè wọ́n ju lífà tí ẹ rà lọ.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù asáré ní súìṣì kékeré kan lábẹ́ lífà kílọ́ọ̀ṣì, òun ni kì í jẹ́ kí máṣíìnì ṣáná nínú jíà láìjẹ́ pé ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún "kẹ́" nígbà tí ẹ bá fa lífà tuntun.

Ó wá ku ìdẹ̀ wáyà. Ẹ fa lífà díẹ̀díẹ̀ kí ẹ wo bí orí rẹ̀ ṣe rìn tó kó tó máa le. Lórí ọ̀pọ̀ máṣíìnì, mìlímítà 10 sí 15 ló yẹ kó rìn lófìfo ní ṣóńṣó lífà. Ìwé máṣíìnì yín ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ó bá kéré jù, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, ẹ́ńjìnì á máa pariwo, máṣíìnì kò sì ní lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní jáwọ́ tán, jíà á máa ké nígbà tí ẹ bá ń wọ ọ̀kan. Ẹ ti nọ́ọ̀tì pa, ẹ gbé rọ́bà padà, ẹ ṣáná, kí ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì láti òsì dé ọ̀tún pátápátá. Bí lífà bá le sí i tàbí ìdẹ̀ wáyà bá yí padà bí ẹ ṣe ń yí i, ọ̀nà tí wáyà gbà kò tọ́.

Lífà bíréèkì, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó délé

Bí ó bá jẹ́ lífà nìkan ni ẹ ń pààrọ̀, ẹ kò ní tú epo rárá. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ tú bóòtù òkè, lífà á jáde. Ẹ má fọwọ́ kan rọ́bà kékeré tó bo ẹnu písítìn, ẹ má sì jẹ́ kí eruku wọ ibẹ̀. Ẹ nu ojú ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Lórí àwọn máṣíìnì kan, irin kékeré kan ló wà láàárín lífà àti písítìn, ó sì yẹ kí ẹ gbé e láti ara àtijọ́ sí tuntun. Ẹ fi gírísì sílíkónì pa ibi tí lífà ti ń kan písítìn, ìwọ̀nba díẹ̀, bí ẹni fi òrí pa ètè. Gírísì lásán kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ nítorí rọ́bà. Orí bóòtù nìkan ni tirẹ̀.

Ẹ de bóòtù, ẹ fa lífà wò, ẹ de nọ́ọ̀tì. Títú àti dídè náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Ihò kékeré kan wà láàárín agolo epo àti ilé písítìn, kò tóbi ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Bí písítìn bá wà nílé, ihò náà ṣí sílẹ̀. Bí epo bá gbóná nísàlẹ̀ tó sì wú, á gba ihò yẹn padà sínú agolo, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí lífà bá ń ti písítìn síwájú díẹ̀, rọ́bà orí písítìn á dí ihò náà. Epo á gbóná, á wú, kò ní rí ibi lọ, á wá ti páàdì mọ́ dísìkì. Páàdì á tún mú kí ó gbóná sí i, epo á tún wú. Bí ó ṣe há mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé máṣíìnì náà á dára níwájú ilé, á dára ní àdúgbò, á sì wá há lẹ́yìn kìlómítà mélòó kan.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń dán an wò, mi ò sì í fo ọ̀kankan.

Àkọ́kọ́, ẹ fi ìka kan mi ṣóńṣó lífà. Ó gbọ́dọ̀ rìn díẹ̀ lófìfo, bíi mìlímítà kan sí mẹ́ta, kó tó kan písítìn. Ẹ tún un ṣe ní gbogbo nọ́ńbà tó wà lára ibi tí ẹ ti ń sún lífà mọ́ ọwọ́, torí pé lórí lífà tí kò dára, ó lè wà nílé lórí nọ́ńbà 1 kó má wà nílé lórí nọ́ńbà 6.

Èkejì, ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì kí agolo másítà tẹ́jú, ẹ fi aṣọ tó tutù yí ìdí rẹ̀ ká, kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Orí àwọn ìdè ìdérí yẹn rọ̀, wọ́n sì máa ń jẹ; ẹ fi súkúrúdíráfà tó bá wọn mu tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi kí ẹ tó yí i. Ẹ má gbé ojú yín sórí agolo. Ẹ wá fa lífà jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rírìn rẹ̀, ẹ máa rí i tí epo ń ru díẹ̀ bí ìsun omi lórí ihò kékeré yẹn. Bí ó bá ru, ihò ṣí, písítìn wà nílé. Bí epo bá dákẹ́ rọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan ń ti písítìn. Ẹ tú lífà, kí ẹ tún un ṣe. Bí ó bá ru láìsí lífà tuntun, tí kò sì ru pẹ̀lú rẹ̀, lífà yẹn ni ẹ̀bi wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iná ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ tàn bí ẹ bá fa bíréèkì, kó sì kú bí ẹ bá jù ú sílẹ̀. Iná tí kò kú jẹ́ àmì pé lífà kò délé. Ó tún túmọ̀ sí pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ní alẹ́ kò ní mọ ìgbà tí ẹ ń dúró.

Àwọn kan máa ń fi fáìlì họ orí lífà títí á fi padà sílé. Èmi kì í ṣe é, mi ò sì í gbà kí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe é. Ẹni tó bá họ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bíréèkì rẹ̀ á pẹ́ kó tó mú, kò sì sí bí a ṣe ń dá irin tí a ti họ padà. Ẹ dá lífà náà padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ dá àtijọ́ padà sórí máṣíìnì títí ẹ ó fi rí èyí tó tọ́.

Epo àti họ́ọ̀sì

Lífà tuntun kì í wo bíréèkì tó rọ̀ sàn. Bí ẹ bá fa bíréèkì tó dà bíi pé ẹ ń tẹ fùkẹ̀fúkẹ̀, epo àti họ́ọ̀sì ni kí ẹ wò.

Epo bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ní Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà, tí ọ̀rinrin pọ̀ ní gbogbo ọdún, kì í pẹ́ kó tó gbà á. Omi inú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́: epo DOT 4 (DOT àti nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ irú epo bíréèkì) tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 230 °C, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba omi, ó lè hó ní 155 °C. Ti DOT 3 jẹ́ 205 àti 140, ti DOT 5.1 sì jẹ́ 260 àti 180. Bí epo bá hó, ó di afẹ́fẹ́ gbígbóná, lífà á sì lọ bá ọwọ́ láìjẹ́ pé bíréèkì mú. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí máṣíìnì kò bá rìn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ìdérí másítà ni kí ẹ tẹ̀ lé. DOT 3, 4 àti 5.1 jẹ́ ìdílé kan, ṣùgbọ́n DOT 5 tí kò ní ".1" jẹ́ sílíkónì, kò gbọ́dọ̀ pàdé àwọn tó kù. Ìgò tí ẹ bá ti ṣí tó sì ṣẹ́kù, ẹ má tọ́jú rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Ní ti họ́ọ̀sì, rọ́bà tó ti gbó máa ń wú nígbà tí epo bá ti í, agbára ọwọ́ yín á sì ṣòfò síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi okùn irin hun yí ká kì í wú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní owó fún ohun kan ṣoṣo láàárín lífà tó ń dán àti họ́ọ̀sì onírin pẹ̀lú epo tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra họ́ọ̀sì. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ máṣíìnì yí dé òpin lápá méjèèjì, kí ó má fà. Bóòtù oníhò tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá sábà máa ń jẹ́ M10, ṣùgbọ́n àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba: lórí ọ̀pọ̀ máṣíìnì Japan ó jẹ́ mìlímítà 1.25, lórí bíréèkì Brembo ó sábà máa ń jẹ́ 1.0. Bí ẹ bá fipá wọ ọ̀kan sínú èkejì, ẹ ti ba másítà jẹ́. Wọ́ṣà méjì ló wà lára bóòtù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì orí họ́ọ̀sì, tuntun ni méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbàkúùgbà. Ẹ tún ranti pé okùn irin yẹn ń gé nǹkan bí ayùn; ibi tó bá ti lè ha táyà, ike tàbí wáyà iná, ẹ fi rọ́bà wé e.

Láti fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ wọ rọ́bà tín-ín-rín mọ́ nípù kálípà (ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde), kí ẹ rì ẹnu kejì rẹ̀ sínú ìgò tí epo bíréèkì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ rọ epo tuntun kún agolo. Ẹni kan á fa lífà jẹ́jẹ́, á dì í mú. Ẹ fi sípánà (8 ló sábà máa ń jẹ́) ṣí nípù díẹ̀. Epo àti afẹ́fẹ́ á jáde, lífà á lọ bá ọwọ́. Ẹ ti nípù pa. Ìgbà náà ni ẹni náà tó lè ju lífà sílẹ̀. Bí ó bá jù ú sílẹ̀ nígbà tí nípù ṣì ṣí, afẹ́fẹ́ á padà wọlé, gbogbo iṣẹ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó wà lórí lífà máa ń sọ "mo dì í", ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sọ "mo tì í", kò sì sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan kó tó gbọ́ ti ẹnìkejì. Ẹ má jẹ́ kí epo agolo tán. Ẹ ṣe é títí epo tó ń jáde á fi mọ́, tí kò sì ní fífó kankan nínú. Bí lífà bá ṣì rọ̀ díẹ̀, ẹ fi okùn so ó mọ́ ọwọ́ máṣíìnì di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ afẹ́fẹ́ kéékèèké á ti gòkè wá sínú agolo kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí máṣíìnì yín bá ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá fa bíréèkì, ẹ lè pààrọ̀ lífà, ṣùgbọ́n ẹ fi họ́ọ̀sì àti epo sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú àpótí ABS kì í fi ọwọ́ lásán jáde.

Kí ẹ tó wọ títì

Ẹ jókòó sórí máṣíìnì bí ẹ ṣe ń jókòó nígbà tí ẹ bá ń gùn ún, kí ẹ na ìka sórí lífà. Láti ìgunpá dé ṣóńṣó ìka gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan, ọrùn ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dẹ bóòtù méjì tó di másítà mú, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ tún un dè. Ẹ fa bíréèkì tagbáratagbára, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo gbogbo orí họ́ọ̀sì pé kò sí ibi tó ń sun. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ yí i, ẹ fa bíréèkì, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ tún un yí. Ó gbọ́dọ̀ yí fàlàlà.

Ẹ má lọ dán an wò lójú ọ̀nà Kùtọnu tàbí níbi tí ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ sí. Ilẹ̀ gbalasa kan láàárọ̀ kùtùkùtù tó. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ dúró. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ dúró. Lẹ́yìn bíi ìgbà mẹ́wàá, ẹ lọ tó kìlómítà márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ padà wá láìfa bíréèkì púpọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ nawọ́ sún mọ́ dísìkì iwájú láìfọwọ́ kàn án. Bí ooru bá ń rú sí yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ fa bíréèkì, ẹ padà sí ìdánwò mẹ́ta yẹn. Bí ó bá tutù, ẹ máa gùn ún, kí ẹ tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì tí ẹ tú lẹ́yìn kìlómítà 100.